Ta Ló Wọlé, Ta Ló Kù?

Bí èsì ìdánwò àṣekágbá JSS 3 bá ti jáde lọ́dọọdún, àwọn ilé-ìwé aládàáni àdúgbò wa ní Bọ́ládé, Òṣòdì, l'Ékòó, máa ń gbé bánà ńlá kọ́ sára ògiri. Àwòrán ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wà lára rẹ̀, wọ́n á sì kọ "100%" gàdàgbà sí òkè. Òbí tó ń ti ọjà Àrínà bọ̀ á dúró, á wò ó, á sì wọlé wá béèrè iye owó ilé-ìwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé máàkì gbogbo kíláàsì ń gbà kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ: nọ́ḿbà ara bánà yẹn kì í sọ ohun tí òbí rò pé ó ń sọ. N kò sọ pé irọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ nípa irú ọmọ tó wọlé wá àti irú ọmọ tó kù di ọjọ́ ìdánwò ni; ohun tó sọ nípa iṣẹ́ àwa tíṣà kò tó nǹkan.

Ilé-ìwé wa kò tóbi. Kíláàsì kan ni JSS 1 ní, kan ni JSS 2, kan ni JSS 3. Bí ọmọ 20 bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ọmọ kan ṣoṣo jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ibà dá ọ̀kan dúró sílé lọ́jọ́ Ìṣirò, kí bàbá òmíràn kó ẹrù wọn lọ sí Ṣàgámù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, èsì gbogbo ilé-ìwé ti fi ìdá 10 wálẹ̀ nìyẹn, a ó sì pe ìpàdé láti mọ tíṣà tí kò kọ́ ọmọ dáadáa. Lọ́dún kejì, ọmọ méjì tó já fáfá á ti ibòmíràn wá dara pọ̀ mọ́ wa, èsì á gòkè, wọ́n á sì máa kí wa kú iṣẹ́. Tíṣà kan náà ló kọ́ wọn lọ́dún méjèèjì, ìwé kan náà, inú yàrá kan náà tí páànù orí rẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án. Nígbà tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ léraléra lójú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé-ìwé kékeré ṣe ń ṣe sí ní láti kọ́kọ́ mọ àwọn ọmọ inú rẹ̀: ọmọ ta ni wọ́n, ibo ni wọ́n ti wá, kí ni wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé.

Ta wá ni àwọn ọmọ Bọ́ládé? Ọmọ ìyá tó ń ta bàtà òkìríkà wà, ọmọ bàbá tó ń wa dánfó láti Òṣòdì sí Agége wà, ọmọ àwọn Ìgbò tó ń ta báàgì àti aṣọ ní Àrínà wà, ọmọ Hausa wà, ọmọ Ègùn wà. Ọmọ ṣọ́jà wà láti inú bárékè tó múlé gbè wá, tí ìwé kan láti òkè lè gbé bàbá wọn lọ sí Kàdúná nígbàkígbà. Àwọn tí wọ́n mú wá láti Kútọnu tàbí láti abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti wá gbé lọ́dọ̀ "àǹtí" náà wà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níwájú wa. Àdàlù yìí kì í ṣe ohun tuntun. Orúkọ Òṣòdì gan-an, ara Òṣòdì Tápà la ti jogún rẹ̀, ọmọ Núpè tó wá di olóyè pàtàkì lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́ l'Ékòó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Nínú rẹ́jísítà wa, ibi tí a ń kọ ìpínlẹ̀ abínibí àti ẹ̀sìn sí wà. Àwọn òbí kan, àní àwọn tíṣà kan pàápàá, gbà pé ibẹ̀ ni àlàyé wà: pé ọmọ Ìgbò ló mọ Ìṣirò, pé ìwé kì í wu ọmọ Hausa, pé iléekéú kì í jẹ́ kí ọmọ Mùsùlùmí ráyè kàwé. Mo ti fi máàkì ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba pé n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ tó ń lọ iléekéú ní ìrọ̀lẹ́ ti mọ bí a ṣe ń jókòó ti ìwé. Lára wọn ni mo ti rí àwọn tó ń fara balẹ̀ jù ní kíláàsì mi. Ìjọba náà ní fọ́ọ̀mù tí ilé-ìwé máa ń kún lọ́dọọdún. Ó ń béèrè iye ọkùnrin àti obìnrin, ọjọ́ orí wọn, iye tíṣà àti ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ní, iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wúlò. Kò béèrè èdè tí ọmọ ń sọ nílé, kò béèrè ìgbà tí ọmọ dé àdúgbò, kò béèrè ohun tó ń ṣe láàárín aago mẹ́ta ọ̀sán sí aago mẹ́wàá alẹ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn yẹn sínú ìwé tèmi ni ojú mi là sí ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé kíkà ló kọ́kọ́ hàn sí mi. Ọmọ tó bá wọ JSS 1 láìlè ka ojú ìwé kan geere ní Gẹ̀ẹ́sì kì í kùnà nínú Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Á kùnà nínú Sáyẹ́ǹsì, á kùnà nínú ẹ̀kọ́ nípa okòwò, àní á kùnà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tó mọ ìtàn inú rẹ̀ láti kékeré. Báyìí ni mo ṣe ń dán wọn wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: mo máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, màá ṣí ìwé kan tó wà fún Pírámárì 4, màá ní kí ọmọ ka ìpínrọ̀ kan, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà fún mi. Kì í pẹ́ rárá. Ìwé-ẹ̀rí pírámárì á wà lọ́wọ́ ọmọ, máàkì tó dára á kún inú rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀ á há sí i lẹ́nu, á sì gbójú sókè wò mí bóyá màá bá a pè é. Bí mo bá fi àmì sí orúkọ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ JSS 1, mo lè sọ púpọ̀ nínú èsì JSS 3 wọn kó tó di pé wọ́n ṣe ìdánwò, àfi bí ẹnìkan bá ṣe nǹkan sí i láàárín. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ fi ń jókòó níwájú mi tí mo ń kọ́ ọ ní Ìṣirò, kí ẹnìkan kọ́ ọ ní ìwé kíkà ló sì ń dúró dè.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń bá ìyá rẹ̀ ta omi tútù àti ìpápánu lẹ́bàá ojú irin. Bí o bá na ẹgbẹ̀rún náírà sí i, kí o ra omi mẹ́ta àti ìpápánu méjì, kí ìwọ tó ṣírò ṣéńjì rẹ tán, ó ti kà á lé ọ lọ́wọ́. Nínú ìdánwò, ìbéèrè lórí èrè àti àdánù ni kò rí ṣe. Mo pè é jókòó, mo fi Yorùbá ka ìbéèrè náà fún un: obìnrin kan ra ọsàn ní iye báyìí, ó tà á ní iye báyìí, èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún? Ó dáhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Ó mọ Ìṣirò náà ju àwọn tó gba máàkì jù ú lọ. Èdè tí wọ́n fi bi í ni kò tíì yé e.

Àwọn àgbà nídìí ẹ̀kọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì ní gbogbo iṣẹ́, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì náà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní ìparí 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà WAEC, NECO àti JAMB jù. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Bánà ara ògiri Bọ́ládé ni mo tún rí nínú rẹ̀, èyí tó kàn yàtọ̀ ni pé ó ti fẹ̀ dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ibi tí ọmọ ti ń kùnà jù lè jẹ́ ibi tí tíṣà kò tó, ibi tí kò sí ìwé, ibi tí ìjà ti tú àwọn abúlé ká. Kí a tó dá èdè lẹ́bi, ó yẹ kí a béèrè ta ni àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Yorùbá nìkan kò lè tó ní kíláàsì tiwa. Bí mo bá yí ẹ̀kọ́ sí Yorùbá, ara á tu ọ̀pọ̀ ọmọ, ọmọ Hausa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì máa wo ẹnu mi. Ọmọkùnrin Ègùn kan wà tí wọ́n mú wá láti Kútọnu, tí gbogbo wa ti ń pè ní ẹni tí orí rẹ̀ kò gba ìwé. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí wàrà kan, apá tí wọ́n fi Faransé kọ, ó sì ń kà á geere, láìdúró. Ọmọ yẹn ti mọ̀wé kà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí àyè kankan nínú rẹ́jísítà wa tí a lè kọ ìyẹn sí, torí náà kò sí ẹni tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ ibùgbé ló kàn. Bọ́ládé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá kó àwọn ìsọ̀ tó dí títì Òṣòdì kúrò. Ní oṣù kìíní 2016, nígbà Gómìnà Ambode, wọ́n wó ọjà Òwónífàrí. Ní 2019 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí. Títì dára, ọkọ̀ ń lọ geere, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀ bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́. Ṣùgbọ́n ní sáà tí wọ́n wó Òwónífàrí, àga ṣófo ní kíláàsì wa. Ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ ti lọ kò rí owó ilé san mọ́, ó kó àwọn ọmọ lọ sí Ṣàngó, lọ sí Ìjọkò, lọ sí ibikíbi tí yàrá ti dínwó. Kò sí ẹni tó wá gba ìwé ìfilọ̀ tàbí ìwé èsì. Bí àwọn kan ṣe ń lọ ni àwọn mìíràn ń dé. Ọmọ á dé láàárín sáà kejì, ibi tí wọ́n dé ní ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ á ti jìnnà sí ibi tí àwa dé; kó tó bá wa dọ́gba, wọ́n á tún ti kó lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba ilé-ìwé mẹ́rin kọjá kó tó parí JSS, kí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kọ́ ọ ní ohun kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ ní ìparí.

Ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023 ni mo tún kọ́ ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ fò sókè lọ́sẹ̀ kan náà. Àwọn ọmọ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti apá Máfolúkù àti Ìṣọlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń dé pẹ̀lú òógùn lójú lẹ́yìn tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Máàkì Ìṣirò wọn ń lọ sílẹ̀ ju ti àwọn iṣẹ́ yòókù lọ, kò sì yé mi, títí mo fi gbé táímùtébù sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí mo ń kọ aago tí ọmọ dé sí. Ìṣirò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ lójoojúmọ́, nítorí a gbà pé orí ọmọ máa ń jí pépé láàárọ̀. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà kò wá rí ìdajì iṣẹ́ mi gbọ́, ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹni tó bá wo máàkì nìkan á sọ pé àwọn ọmọ tálákà kò mọ Ìṣirò. A gbé Ìṣirò lọ sí lẹ́yìn ìsinmi kúkúrú. Kí sáà tó tẹ̀lé e tó parí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ tòsí àti àwọn ọmọ ọ̀nà jíjìn ti dínkù débi tí ọ̀gá ilé-ìwé fi bi mí pé kí ni mo ṣe fún wọn. Nǹkan kan kò yí padà nínú bí mo ṣe ń kọ́ wọn.

Ibi tó nira fún mi láti sọ ni èyí tó kàn. Lẹ́yìn ìdánwò ìparí JSS 2, àwọn ilé-ìwé kan máa ń ránṣẹ́ pe àwọn òbí kan. Wọn kì í sọ pé àwọn lé ọmọ. "Màmá, a rò ó pé ọmọ yín á ṣe dáadáa sí i níbòmíràn," ni wọ́n máa ń sọ. Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ń kùnlẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀, ó ku ọdún kan péré." Ọmọ náà kò lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ọjà Ládiípọ̀ ló lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta páàtì mọ́tò. Nígbà tí ọdún yípo, bánà tún gòkè, "100%", kò sì sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó jókòó ló yege. Ní ti àwọn tó ń ra ìdáhùn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, n kò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. Òbí ti bi mí rí lójúkojú pé, "Àǹtí, ṣé ẹ máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbí?" Ó mọ ohun tó ń béèrè, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Mo ní rárá, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ọ̀rọ̀ ta ló wọlé, ta ló kù yìí jà ṣáájú wa. Ní 1966, James Coleman gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde fún ìjọba ibẹ̀, ó sì fi hàn pé ilé tí ọmọ ti wá ń pinnu èsì rẹ̀ ju ohun èlò tí ilé-ìwé ní lọ. Àwọn kan kà á sí pé iṣẹ́ tíṣà kò já mọ́ nǹkan. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé bí n kò bá mọ ilé, n kò lè mọ ibi tí iṣẹ́ mi dé. Nígbà tó di 1991, ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin fún àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní charter: owó ìjọba ló ń gbé wọn ró, ṣùgbọ́n wọ́n ní òmìnira láti ṣètò ara wọn. Bí àwọn tó fẹ́ wọlé bá ti pọ̀ ju àyè lọ, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Gègé yẹn ló wá fún àwọn olùwádìí lọ́gbọ́n: wọ́n ń fi ọmọ tí gègé mú wé ọmọ tí gègé kò mú, torí òbí àwọn méjèèjì ló fẹ́ ilé-ìwé náà bákan náà. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn lẹ́yìn náà, a lè kà á sí ti ilé-ìwé. Mo ronú lé ọgbọ́n yẹn lórí títí. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń jiyàn lọ́hùn-ún lórí ọmọ tó kúrò láàárín ọ̀nà, àti bóyá wọ́n fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀.

Ní Bọ́ládé, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ gègé. Owó ló ń yan ọmọ. Ìkàye ilé-ìwé aládàáni tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 2010 sí 2011 rí ohun tó ju 12,000 lọ, nígbà tí ti ìjọba kò ju nǹkan bí 1,600. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí mo bá rántí pé Òṣòdì wà lára ibi tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tí Gómìnà Jákàńdè sì tún wá lẹ́yìn 1979, tó kọ́ kíláàsì lọ rẹpẹtẹ, tó fòpin sí ètò ọmọ àárọ̀ àti ọmọ ọ̀sán. Àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ ló bí àwọn òbí tó ń sanwó fún wa lónìí. Ìdí tí wọ́n fi ń sanwó kì í ṣe ìgbéraga. Ilé-ìwé wa sún mọ́ ìsọ̀ wọn, ọmọ kò ní sọdá títì, tíṣà mọ orúkọ ọmọ, a sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ. Ẹni tó lè san án pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kò pọ̀. Ẹni tí kò lè san án rárá, ọmọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ́jísítà wa. Ojú irin ló wà, ó ń gbé ọjà lérí. Nígbà tí a bá wá ń sọ pé ọmọ wa ṣe dáadáa ju ti ìjọba lọ, ọmọ yẹn kò sí lára àwọn tí a kà.

Láàárín àwọn tó ń san díẹ̀díẹ̀ náà, ẹ̀ka mìíràn tún wà. Ọ̀sẹ̀ tí a bá ń lé ọmọ lọ ilé nítorí owó, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń fi ọ̀nà yẹn pàdánù ọjọ́ ẹ̀kọ́ ju èyí tí àìsàn ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ, ó sì sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdánwò, torí ìgbà náà ni ilé-ìwé nílò owó jù. Mo mọ ìdí tí ọ̀gá fi ń ṣe é. Owó oṣù wa ni. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, mo fi ọjọ́ tí wọ́n lé ọmọ hàn án, mo fi máàkì ọmọ náà hàn án. Láti ìgbà náà, òbí la ń pè, ọmọ kì í kúrò ní kíláàsì. Owó kan ti bá bẹ́ẹ̀ lọ tí a kò rí gbà mọ́. Mo mọ̀.

Ní ti àwọn tí kò mọ̀wé kà, a fi wákàtí kan sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ìjáde, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni ìtìjú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìwé Pírámárì 4 lọ́wọ́ òun. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa ló rí ọgbọ́n rẹ̀: a fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo gbogbo ìwé ilé-ìkàwé wa, ti kékeré àti ti ńlá, kí ojú má lè dá wọn mọ̀. A tún ṣètò kí ọmọ JSS 3 máa gbọ́ ti ọmọ JSS 1 bó ṣe ń kàwé, èyí sì ran àwọn ọmọ JSS 3 náà lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí ẹsẹ̀ tiwọn kò tíì ranlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dé èbúté. Ọmọ mìíràn á ti ìsọ̀ dé ilé ní aago mẹ́wàá alẹ́, á sùn lórí ìwé níwájú rẹ, kò sì sí ọgbọ́n ìkọ́ni tó lè gba oorun yẹn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń ta omi lójú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè fúnra rẹ̀ kó tó parí JSS 2. Kò wà lára àwọn tí wọ́n ya sára bánà nígbà tí èsì jáde, torí ìwọ̀nba ni máàkì rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ kíláàsì yẹn, kò sí èyí tó rìn jìnnà tó o láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn JSS 3, púpọ̀ nínú wọn ń lọ sí ilé-ìwé girama àgbà ti ìjọba, torí ìpínlẹ̀ Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Bí ọmọ bá wá yege níbẹ̀, ilé-ìwé yẹn á gba ìyìn. Bó bá kùnà, wọ́n á ní ilé-ìwé ìjọba kò dára. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tiwa, tí ó dára tàbí tí kò dára, ti wọ inú nọ́ḿbà ẹlòmíràn lọ.

Mo ti bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa pé kí a má kọ "100%" mọ́. Mo ní kí a kọ iye ọmọ tó wọ JSS 1, iye tó lè kàwé geere lọ́jọ́ náà, iye tó kù títí dé JSS 3, ibi tí àwọn tó kúrò lọ, lẹ́yìn náà kí a wá kọ èsì. Ó tẹ́tí gbọ́ mi. "Àǹtí Máàsì," ó ní, "bí mo bá gbé èyí kọ́, tí ilé-ìwé òdìkejì gbé 100% kọ́, ọ̀dọ̀ ta ni òbí máa lọ?" N kò rí ìdáhùn sí i, torí òótọ́ ló sọ. Ilé-ìwé kan ṣoṣo kò lè dá irú rẹ̀ ṣe. Àfi kí gbogbo wa jọ ṣe é, tàbí kí ìjọba fi kún fọ́ọ̀mù ọdọọdún, kí òbí lè bi gbogbo ilé-ìwé ní ìbéèrè kan náà. Ó ní òun á gbé e dé ìpàdé àwọn onílé-ìwé aládàáni àdúgbò wa lẹ́yìn ìsinmi. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kan fún un, mo sì ti fi ìwé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta tó kọjá sí i, ti àwọn tó kù àti ti àwọn tó lọ.